Bí fíríìjì RV yín kò bá tutù dáadáa lórí gáàsì

Oṣù Keje ni, ní ìwọ̀-oòrùn Texas, ní ibùdó kan tí kò ní iná ẹ̀lẹ́tíríìkì. Ọjọ́ kejì tí a débẹ̀, ìyàwó mi gbé ọbẹ̀ ata tó sè wá láti Houston jáde nínú fíríìjì RV wa (ọkọ̀ ìrìn-àjò tí ènìyàn ń sùn tó sì ń sè nínú rẹ̀), ó ṣí ọmọrí rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì rọra dé e padà. Ọbẹ̀ ti kan. Ó ti ń yọ ìfóòfó funfun lójú bí ẹmu àná. Mo lọ sẹ́yìn ọkọ̀, iná ń jó. Mo wo ojú fíríìjì, àmì gáàsì ń tàn, kò sì sí àmì àṣìṣe kankan. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ti tẹmọ́mítà bọ inú ike omi tó ti wà níbẹ̀ láti àná, 14°C ló kà.

Ẹnì kan tó ń tún RV ṣe sọ fún mi lórí fóònù pé fíríìjì náà ti kú, pé kí n lọ wá owó fíríìjì tuntun, owó tó ju ẹgbẹ̀rún dọ́là lọ. Kò kú. Ẹrẹ̀ tí agbọ́n kó sínú páìpù bọ́nà, ìyẹn ibi tí iná gáàsì ti ń jó, tí kò tóbi ju ẹ̀wà méjì lọ, ló ń dí atẹ́gùn lọ́wọ́. Mo mọ ọ̀pọ̀ ìdílé wa ní Amẹ́ríkà níbí tó ti ra RV láti fi gbé àwọn ọmọ jáde nígbà ìsinmi, ó sì dùn mí pé ẹnikẹ́ni lè san irú owó yẹn nítorí ẹrẹ̀ agbọ́n. Ẹ jẹ́ ká tọ̀ ọ́ wò lẹ́sẹẹsẹ.

Ọ̀rọ̀ kan kí a tó bẹ̀rẹ̀: fíríìjì tó ń lo gáàsì ni mo ń sọ. Àwọn RV tuntun kan wà tí fíríìjì wọn ní kọ̀mpúrẹ́sọ̀, bátìrì 12 fólítì nìkan ló ń lò. Bí ẹ bá rí ojú atẹ́gùn oníke lára ọkọ̀ lẹ́yìn fíríìjì yín, tí ẹ ṣí i tí ẹ sì rí páìpù gáàsì tó wọnú àpótí irin kékeré kan, tiyín nìyí.

Iná ló ń mú un tutù

Fíríìjì ilé ní kọ̀mpúrẹ́sọ̀, ẹ máa ń gbọ́ ọ tó ń kùn. Èyí kò ní. Nínú àwọn páìpù rẹ̀, kò sí ohun kan tó ń yí. Omi, amóníà àti háídírójìn ni wọ́n dì sínú páìpù irin tí wọ́n fi wẹ́ẹ̀dì pa pátápátá. Iná kékeré kan nísàlẹ̀ ń se omi àti amóníà yẹn bí ẹni ń se ọbẹ̀. Amóníà á di oru, á gòkè, á tutù lókè di olómi, á wá ṣàn sọ̀kalẹ̀ sínú páìpù tó wà lẹ́yìn firísà. Ibẹ̀ ló ti ń pàdé háídírójìn, tó tún ń di oru, inú fíríìjì ló sì ti ń fa ooru tó fi ń di oru. Lẹ́yìn náà omi á gbà á padà, ìrìn á tún bẹ̀rẹ̀.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì ará Sweden, Baltzar von Platen àti Carl Munters, ló dá a sílẹ̀ ní Stockholm ní 1922. Electrolux sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é fún títà ní 1925. Àwọn àgbà tó bá ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ìgbèríko nílé á rántí fíríìjì oníkẹrosíìnì tí wọ́n ń tọ́jú abẹ́rẹ́ àjẹsára sí. Iṣẹ́ kan náà ni. Iná àtùpà ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, bí òwú àtùpà bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín, nọ́ọ̀sì mọ̀ pé àjẹsára wà nínú ewu. Kí ẹ fi ohun tí nọ́ọ̀sì yẹn mọ̀ sọ́kàn ní gbogbo ọ̀nà: iná tó rẹ̀ kò lè mú òtútù tó lágbára wá.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan

Gáàsì propane wúwo ju atẹ́gùn lọ, ilẹ̀ ló máa ń dùbúlẹ̀ sí. Bí ẹ bá gbóòórùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, ẹ má tan ohunkóhun, ẹ má pa ohunkóhun, ẹ jáde pẹ̀lú àwọn ọmọ, kí ẹ sì ti ẹnu sílíńdà láti ìta. Ọṣẹ tí ẹ pò mọ́ omi ni ẹ fi ń wá ibi tó ń jò. Ibi tó bá ń yọ ìfóòfó ni. Ẹ má fi ìṣáná wá a láéláé.

Òórùn kejì tó yẹ kí ẹ dá mọ̀ ni ti amóníà: ó máa ń ta ni nímú bí ìtọ̀ tó ti sùn. Bí ẹ bá gbọ́ ọ nínú fíríìjì tàbí lẹ́yìn rẹ̀, tí ẹ sì rí ohun kan tó gbẹ tó pupa rúsúrúsú bí ìyẹ̀fun lára páìpù, ọ̀rọ̀ parí. Páìpù ti là, háídírójìn tó ń jáde pẹ̀lú rẹ̀ sì lè gbiná. Ẹ pa á, ẹ má tún tan án mọ́. Àwọn fíríìjì RV kan wà tí wọ́n ti pè padà fún àtúnṣe ọ̀fẹ́ ní Amẹ́ríkà nítorí irú iná bẹ́ẹ̀, torí náà ẹ lọ sí ojú òpó NHTSA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò ọkọ̀, kí ẹ fi orúkọ àti nọ́ńbà fíríìjì yín wò ó.

Ẹ tẹ bọ́tìnì tí wọ́n fi ń dán ẹ̀rọ tó ń kìlọ̀ kábọ́ọ̀nù mọnọ́ksáídì inú ọkọ̀ wò. Bí kò bá dún, ẹ ra òmíràn kí ẹ tó tẹ̀ síwájú.

1. Ẹ wọ̀n ọ́n bó ṣe yẹ

Ọwọ́ tí ẹ tì bọ inú fíríìjì kì í ṣe tẹmọ́mítà. Ẹ bu omi sínú ife, ẹ gbé e sí àárín, ẹ ti tẹmọ́mítà bọ̀ ọ́, ẹ ti ilẹ̀kùn, ó di àárọ̀ ọjọ́ kejì. 4°C tàbí kó rẹlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ni oúnjẹ ń fẹ́. Fíríìjì yìí kì í yára. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn-àjò ni kí ẹ ti tan án, kí oúnjẹ tí ẹ ó kó sí i sì ti tutù láti ilé. Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń gbé ìkòkò ọbẹ̀ tó ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ sínú rẹ̀, kí a sì wá kó ẹja díndín, pọ̀nmọ́ àti ike omi dí i títí ẹnu. Atẹ́gùn inú rẹ̀ kò wá ríbi gbà. Ẹ fi àyè sílẹ̀ láàárín àwọn ike, kí nǹkan kan má sì fara ti àwọn pẹlẹbẹ irin tó wà lẹ́yìn nínú lọ́hùn-ún, torí ara wọn ni òtútù ti ń jáde.

2. Ṣé ọkọ̀ tẹ́jú?

Ẹ gbé lẹ́fẹ̀lì kékeré, irú èyí tí bíríkìlà fi ń wo ògiri, sórí ilẹ̀ firísà gan-an. Ẹ má gbé e sórí tábìlì inú ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé àwọn tó ń ṣe é gba ìwọ̀n bíi 3° láyè láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, àti bíi 6° láti iwájú sí ẹ̀yìn.

Kò sí ohun tó ń ti amóníà yẹn kiri bí kò ṣe pé ó ń ṣàn sísàlẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á dúró sínú kọ̀rọ̀ páìpù kan, kò ní padà síbi iná mọ́. Iná kò mọ̀, ó ṣì ń jó, páìpù á wá gbóná rékọjá. Èròjà tí wọ́n pò mọ́ omi inú rẹ̀ kí irin má baà dógùn-ún á di kóró bí iyọ̀, á sì dí ọ̀nà. Ìyẹn kì í sábà ní àtúnṣe. Bí ẹ bá ń wakọ̀, mímì ọkọ̀ kì í jẹ́ kó dúró sójú kan. Ibi ìgúnlẹ̀ tó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni ewu wà. Nítorí náà, bí ẹ bá yà sí oko kan fún wákàtí mẹ́ta níbi tí kò tẹ́jú, ẹ pa fíríìjì náà. Kò ní gbóná kíákíá bí ẹ ò bá ṣí i.

Bí ẹ bá sún mọ́ ilé epo, ẹ pa á kí ẹ tó yà wọlé. Iná tó ń jó lẹ́bàá ọkọ̀ níbi tí oru pẹtiróòlù wà kì í ṣe ohun àfojúfò.

3. Ìdánwò kan tó ń dá ọ̀nà sí méjì

Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ mú dání bí ẹ kò bá mú òmíràn. Fíríìjì yìí ní ọ̀nà méjì tó ń gbà rí ooru: iná gáàsì, tàbí irin agbóná tó ń lo 120 fólítì. Páìpù kan náà ni àwọn méjèèjì ń mú gbóná. Nítorí náà ẹ so ọkọ̀ mọ́ iná ẹ̀lẹ́tíríìkì, ẹ yí fíríìjì sí iná ẹ̀lẹ́tíríìkì, ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí méjìlá, ẹ ka tẹmọ́mítà inú ife omi, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Kí omi náà tún gbóná padà. Lẹ́yìn náà ẹ yí i sí gáàsì, wákàtí méjìlá mìíràn, ẹ tún kà á.

Bó bá tutù dáadáa lórí iná ẹ̀lẹ́tíríìkì ṣùgbọ́n tí kò tutù lórí gáàsì, ara páìpù amóníà dá pé. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta fíríìjì tuntun fún yín. Ibi tí gáàsì ń gbà wá tàbí ibi tó ti ń jó ni ẹ̀bi wà, ìpele 4 àti 5 ni kí ẹ lọ. Bí kò bá tutù lórí méjèèjì, ẹ fo wọn, ẹ lọ sí ìpele 6. Lórí tèmi, nígbà tí mo rí ibi tí iná ẹ̀lẹ́tíríìkì wà, ó mú un dé 3°C, gáàsì fi í sí 14°C. Ọjọ́ yẹn ni ọkàn mi balẹ̀.

4. Láti ẹnu sílíńdà wá

Ẹ tan gbogbo ojú kúkà inú ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ sì tan hítà mọ́ ọn. Bí iná kúkà bá ń rẹlẹ̀ bí hítà ṣe ń dìde, gáàsì kò wá tó. Ó lè jẹ́ pé sílíńdà ti ń tán lọ. Ó lè jẹ́ pé ẹ ṣí ẹnu rẹ̀ kíákíá jù: ẹ̀rọ kékeré kan wà níbi tí ọ̀pá gáàsì ti so mọ́ sílíńdà tó máa ń dín gáàsì kù bó bá rí i pé ó ń ya jáde, torí ó rò pé páìpù ti já. Ẹ pa gbogbo nǹkan, ẹ ti sílíńdà, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ wá rọra ṣí i díẹ̀díẹ̀. Ìyẹn nìkan ti yanjú ti àwọn kan tí mo mọ̀.

Bó bá ṣì rí bẹ́ẹ̀, rẹ́gúlétọ̀ ni, ohun tó ń dín agbára gáàsì kù láti sílíńdà. Ìwọ̀n agbára gáàsì tó yẹ kó máa gbé wá ni ínǹṣì omi 11, mánómítà, irinṣẹ́ tó ń wọn agbára gáàsì, ni wọ́n sì fi ń wò ó, nígbà tí kúkà tàbí hítà bá ń jó lọ́wọ́. Ẹni tó ní irinṣẹ́ náà, tó sì mọ̀ ọ́n lò, ni kó wò ó. Ẹ má yí súkúrúù rẹ́gúlétọ̀ pẹ̀lú ojú lásán. Kò wọ́n púpọ̀, bó bá sì ti lé lọ́dún mẹ́wàá, pípààrọ̀ rẹ̀ dára ju títún un ṣe lọ. Ihò kékeré tó fi ń mí gbọ́dọ̀ kọjú sílẹ̀ kí omi òjò má wọ̀ ọ́.

Bátìrì náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀, àwọn ènìyàn sì máa ń gbàgbé. Lórí gáàsì pàápàá, 12 fólítì ló ń mú ẹnu-ọ̀nà gáàsì ṣí sílẹ̀. Bó bá ń sún mọ́ 10.5, iná lè kú láàárín òru láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀, kó sì tún jó nígbà tí oòrùn bá yọ sórí sólà. Ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n ní ibi tí wáyà ti wọ ẹ̀yìn fíríìjì, torí wáyà tó ti bàjẹ́ lè jẹ fólítì lójú ọ̀nà.

5. Bọ́nà àti ihò èéfín

Ibí ni èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀bi wà. Wọ́n ní òórùn tí wọ́n fi sínú gáàsì máa ń fa aláǹtakùn àti agbọ́n tó ń fi ẹrẹ̀ kọ́lé mọ́ra, páìpù bọ́nà sì rí bí ilé tí wọ́n ti kọ́ sílẹ̀ dè wọ́n.

Ní alẹ́, kí òkùnkùn ti ṣú, ẹ ṣí ojú atẹ́gùn ìsàlẹ̀ kí ẹ wo iná náà. Iná tó dá pé ṣe búlúù, ó mú ṣónṣó, ó dúró ṣinṣin, ó sì ń dún ṣùùù bí àdògán gáàsì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Tèmi kò dún. Orí rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, ó ń mì síbí mì sọ́hùn-ún, nígbà tí mo sì gbọ́wọ́ lé ojú atẹ́gùn òkè, ooru tó ń jáde kò ju ti ẹni tó mí sí ni lọ́wọ́ lọ.

Ẹ pa fíríìjì, ẹ ti sílíńdà, ẹ jẹ́ kó tutù. Ẹ wọ ìgò ojú. Ẹ fi fóònù ya àwòrán gbogbo rẹ̀ kí ẹ tó tú nǹkan kan. Ẹ yọ irin tó bo bọ́nà. Bí ẹ bá fẹ́ tú ibi tí páìpù gáàsì ti so mọ́ ọn, sípánà méjì ni: ọ̀kan á di ẹ̀yìn mú, èkejì á tú u, kí páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn má baà lọ́ dànù. Fa bọ́nà jáde. Ọ̀pá kékeré bí ìka ni, tó ní àwọn lílà lórí, tó sì ní ihò lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó fi ń fa atẹ́gùn. Ihò ẹ̀gbẹ́ yẹn ni kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí. Mo rí odi ẹrẹ̀ kan níbẹ̀, ó rí minijọ̀, ó gbẹ bí ìkòkò amọ̀, ó bo ìdajì ihò náà. Mo fi igi ìtayín tú u, ó bọ́ sí mi lọ́wọ́ lódindi. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ àti atẹ́gùn inú agolo ló parí ìyókù.

Ẹ̀yìn bọ́nà ni ihò kékeré tí gáàsì ń gbà jáde wà, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní jẹ́ẹ̀tì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́. Ẹ má ki wáyà. Ihò náà kéré débi pé bí ó bá fẹ̀ sí i níwọ̀n irun, iná á pọ̀ jù, èéfín á sì dé. Ẹ rẹ ẹ́ sínú sípírítì fún wákàtí díẹ̀, ẹ gbé e síbi atẹ́gùn kó gbẹ fúnra rẹ̀, ẹ gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Bí ẹ bá rí ìràwọ̀ kékeré kan tó yípo dáadáa, ó ti mọ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ra tuntun tó bá nọ́ńbà fíríìjì yín mu.

Lókè bọ́nà ni ihò èéfín wà, tó gùn lọ sókè. Irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n lọ́ bí okùn wà nínú rẹ̀, wáyà ni wọ́n fi gbé e kọ́ láti òkè. Irin yìí ló ń dá ooru dúró kó lè ráyè wọ páìpù. Bí kò bá sí níbẹ̀, ooru á kàn fò jáde lọ. Bó bá já wálẹ̀ sórí bọ́nà, iná á bàjẹ́. Ẹ sàmì sí ibi tí wáyà rẹ̀ dé, ẹ fà á jáde láti ojú atẹ́gùn òkè, ẹ ki búrọ́ọ̀ṣì gígùn bọ ihò náà. Ohun tó máa já wálẹ̀ á yà yín lẹ́nu: èérí dúdú bí ti ìdí ìkòkò orí ààrò, àti èépá irin tó ti dógùn-ún. Kí bọ́nà má sí níbẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń ṣe èyí. Ẹ dá irin náà padà sí gíga tó wà tẹ́lẹ̀ gan-an.

Ẹ so ohun gbogbo padà, ẹ ṣí gáàsì, ẹ ta omi ọṣẹ sí gbogbo ibi tí ẹ tú kí ẹ tó tan iná. Kúkà ni kí ẹ kọ́kọ́ tan kí atẹ́gùn inú páìpù lè jáde, torí fíríìjì lè ṣá iná lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta kó tó mú.

6. Bí kò bá tutù lórí méjèèjì

Ẹ wo atẹ́gùn kọ́kọ́. Ooru tí wọ́n fà jáde nínú fíríìjì gbọ́dọ̀ ríbi gbà lọ: afẹ́fẹ́ tútù á wọlé nísàlẹ̀, èyí tó gbóná á jáde lókè. Mo ti rí ìtẹ́ ẹyẹ lábẹ́ ìdérí òrùlé. Mo tún ti rí àlàfo ńlá láàárín ẹ̀yìn páìpù àti ògiri ọkọ̀, tí afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ kọjá láì fara kan páìpù rárá. Wọ́n fi pátákó irin dí àlàfo náà, ọ̀rọ̀ yí padà. Fáànù kékeré 12 fólítì níwájú páìpù òkè wúlò gan-an nínú ooru Texas. Bí ẹ bá ráyè yàn, ẹ gúnlẹ̀ kí oòrùn ọ̀sán má bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tí fíríìjì wà.

Lẹ́yìn náà, rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn. Ẹ fi owó dọ́là kan há a, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ fà á. Bó bá yọ̀ bọ́rọ́ láì dúró, rọ́bà náà kò dì mọ́ níbẹ̀. Ẹ yí gbogbo ẹ̀gbẹ́ ká bẹ́ẹ̀.

Bí yìnyín bá ti bo àwọn pẹlẹbẹ irin inú fíríìjì, ẹ pa á kó yọ́ tán. Ẹ má fi ọ̀bẹ họ ọ́. Lára pẹlẹbẹ irin kan ni sẹ́ńsọ̀ tó ń mọ bí fíríìjì ṣe tutù tó so mọ́, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ oníke. Ẹ sún un sókè, fíríìjì á tutù sí i. Bí ẹ bá fura sí i, ẹ yọ ẹnu rẹ̀, ẹ rì í sínú ife omi àti yìnyín, ẹ fi mítà ka ohms, ìwọ̀n bó ṣe ń dènà iná ẹ̀lẹ́tíríìkì. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń wà láàárín 7,000 àti 10,000. Bí kò bá sún mọ́ ọn, pípààrọ̀ rẹ̀ kò ná owó ńlá.

Bí gbogbo ìyẹn bá dá pé, tí ọkọ̀ tẹ́jú, tí páìpù ìsàlẹ̀ ń gbóná janjan ṣùgbọ́n tí inú firísà kò tutù rárá lẹ́yìn ọjọ́ kan gbáko, ìgbà yẹn ni ẹ tó lè gbà pé páìpù amóníà ti dí. Àwọn kan máa ń yọ fíríìjì, wọ́n á dojú rẹ̀ délẹ̀ fún wákàtí díẹ̀ kí omi inú rẹ̀ lè tú. Ó máa ń ran ti àwọn tó ti pẹ́ nílẹ̀ láìlò lọ́wọ́ nígbà mìíràn. Kì í ran èyí tó jóná. Kí ẹ tó ra odindi fíríìjì, ẹ béèrè iye tí ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan, ìyẹn àwọn páìpù amóníà, ń jẹ́, torí wọ́n máa ń tà á lọ́tọ̀.

Ẹ̀yin tó ń gun òkè Colorado, ẹ mọ̀ pé lókè ẹsẹ̀ bàtà 5,500, atẹ́gùn fúyẹ́, iná gáàsì kì í sì jó bó ṣe ń jó nísàlẹ̀. Ibi tí iná ẹ̀lẹ́tíríìkì bá wà lọ́hùn-ún, òun ni kí ẹ lò.

Nígbà tí mo tò ó padà, mo tan án ní agogo méje alẹ́. Ó dún ṣùùù. Ní àárọ̀ tẹmọ́mítà inú ife omi ka 3°C. Mo fi máákà kọ ọjọ́ náà sẹ́yìn ìdérí ojú atẹ́gùn ìsàlẹ̀, mo sì kọ “bọ́nà, ihò èéfín” sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. N kò fi àwọ̀n kòkòrò tó fún bo ojú atẹ́gùn, torí ó máa ń dí ooru. Oṣù Kẹta lọ́dọọdún, kí agbọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ilé kíkọ́, mo máa ń ṣí i, mo máa ń tan tọ́ọ̀ṣì sí ihò ẹ̀gbẹ́ bọ́nà, mo sì ń kọ ọjọ́ mìíràn sábẹ́ èyí tó wà níbẹ̀.